Ìṣó Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ló Ń Sùn

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà létí igbó, igi ni ó máa ń là. Kì í ṣe igi ìdáná o. Ìtì gẹdú ni, èyí tí ọkọ̀ ńlá kan kì í gbà ju mẹ́ta lọ. Ní sọ́míìlì tó ti ń ṣiṣẹ́, ayùn kan wà níbẹ̀ tó rí bí ìgbànú gígùn, irin ni, ó léyìn ṣóṣóró, iná mànàmáná ní ń yí i. Ọkùnrin yìí ló máa ń darí ìtì igi sẹ́nu ayùn náà. Ọdún méjìlélógún ló fi dúró níbẹ̀, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń fi ìka mẹ́ta bu òkèlè, òmíràn kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìkapé. Àwọn oníbàárà á gbé igi wá, wọn á ní Ìkapé làwọn fẹ́ kó là á, nítorí pákó tirẹ̀ máa ń gún régé, kì í wọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, ayùn já. Ìṣó ló wà nínú igi. Ẹnìkan ti kàn án mọ́ ara igi náà nígbà tí igi ṣì wà lóòró, bóyá ọdẹ tó fẹ́ fi àpò kọ́, ta ló mọ̀. Igi ń dàgbà, ó gbé ìṣó mì, èèpo bò ó, ojú kò rí i mọ́. Ayùn ló rí i. Irin pàdé irin, ayùn já, ẹ̀là rẹ̀ kan fò kọjá létí Ìkapé, ó lọ gún òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ̀n níbẹ̀. Kò fara kàn án rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré dé, wọ́n yí orí rẹ̀ wò síbí, wọ́n yí i wò sọ́hùn-ún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní etí Ìkapé tó kéré ló kó o yọ, pé ká ní etí tòun ni, inú lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọn ì bá ti máa wá a. Ìkapé náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n pààrọ̀ ayùn, iṣẹ́ ń lọ.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò rí oorun sùn mọ́. Bí ó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ilé pa rọ́rọ́, etí rẹ̀ á tún máa gbọ́ ohun tó fò kọjá yẹn. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì bí ẹni tó sáré gòkè. Á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì. Kí oorun tó gbé e lọ, àkùkọ ti kọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ì bá sọ? Pé irin tí kò bà á ló ń bà á lẹ́rù? Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ní ooru ló ń mú òun.

Oorun tí èèyàn kò sùn kì í lọ lásán. Yóò padà wá ní ọ̀sán. Ojú Ìkapé bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé níbi iṣẹ́. Ó ra obì sápò, ó ń rún un wẹ́wẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ojú rẹ̀ lè là. Ojú náà á là díẹ̀, á tún pa dé. Lọ́jọ́ kan, ó pa dé pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bá igi lọ síwájú. Ẹni tó ń gba pákó lódìkejì ló kígbe. Ohun tó kù láàárín ọwọ́ àti ayùn kò ju ìbú ìka kan lọ.

Ìyá tó ni sọ́míìlì rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n pa iná, ó pe Ìkapé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ rẹ lórí pákó mi," ló wí. "Láti òní lọ, kúrò nídìí ayùn. Máa bá wọn gbé pákó sọ́kọ̀. Bí oṣù bá parí, màá dúró lẹ́yìn rẹ, wàá la igi lójú mi. Bí ojú rẹ bá là, ipò rẹ ni. Bí kò bá là, màá fún ẹlòmíràn."

Pákó gbígbé, iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọkùnrin tí wọ́n ń gbé igi wá fún láti ìlú mẹ́ta ló wá ń fi orí ru pákó tí ẹlòmíràn là, tí pákó náà sì wọ́. Ó rí i pé ó wọ́.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Mojírádé, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú tó jìn. Ìkapé pè é lórí fóònù, ó ní kó bá òun ra oògùn oorun, èyí tó le. Ọmọ náà bi í léèrè pé ṣé bàbá òun fẹ́ padà sídìí ayùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mojírádé ní á jẹ́ pé òun kò ní rà á. Ó ní oògùn oorun kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò bá èèyàn dé ibi iṣẹ́, yóò tún bá a dúró níwájú irin. Ó ní òun yóò fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́, èyí tí wọn kì í gbé mì.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan gbé e dé. Ẹ̀gbà ọwọ́ ni, rọ́bà dúdú, ó ní ohun pẹlẹbẹ kan bí kọ́bọ̀ tó máa ń jókòó sórí iṣan ọwọ́. Okùn tí wọ́n fi ń fún fóònù níná náà ni wọ́n fi ń fún un. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á máa lu iṣan náà jẹ́jẹ́: tìì... tìì... Kì í kánjú. Ẹ wo bí ìyá ṣe ń rọra gbá ìdí ọmọ tó pọ̀n. Kò fún ọmọ ní oògùn kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ń lọ jẹ́jẹ́, mímí ọmọ náà á máa bá ọwọ́ lọ, kó tó pẹ́, orí ọmọ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ohun náà ṣe ń ṣe.

Mojírádé pe bàbá rẹ̀ láti ṣàlàyé. Ó ní kó so ó mọ́ ọwọ́, pé ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ sọ ìyókù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé e. Ìkapé ní kò burú, òun ti gbọ́.

Kò tíì gbọ́ o. Ohun tó gbọ́ ni "so ó mọ́ ọwọ́". Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, orúkọ kan ṣoṣo ni ohun tí ọkùnrin ń so mọ́ ọwọ́ kí nǹkan lè dára ń jẹ́. Ońdè ni. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Ońdè aláwọ kan wà lápá bàbá náà, ó sì ní òfin tirẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó. Ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kàn án. Wọn kì í sì í wọ̀ ọ́ sùn. Bí bàbá bá dé láti oko ọdẹ, kó tó dé orí ẹní, á bọ́ ọ, á fi kọ́ ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá ti kú. Ilé náà ni Ìkapé ń gbé. Ìṣó náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Láràárọ̀, á de ẹ̀gbà náà mọ́ ọwọ́, á tẹ̀ ẹ́, á fa ọwọ́ ẹ̀wù bò ó, á lọ gbé pákó nínú oòrùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn lójú ooru, wọ́n ní ṣé ìyàwó ló gé e jẹ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á bọ́ ọ, á fi kọ́ ìṣó, á lọ dùbúlẹ̀, á máa wo àjà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ẹ̀gbà á máa lu igi ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ títí á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, ojú Ìkapé ṣì ń ta. Ó rò pé bóyá òun ti ba òfin nǹkan náà jẹ́ ni. Ó ní kí ìyàwó òun má fi àdín para mọ́, nítorí bàbá òun máa ń sọ pé ọ̀tá ońdè ni àdín. Ó ní kó má sì ṣe fọwọ́ kan ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyàwó gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dàrú. Ẹ rò ó wò. Ọkọ tí kì í sùn mọ́, tí kì í sọ̀rọ̀, tó wá ń so nǹkan mọ́ apá, tó ní kí ìyàwó òun má fọwọ́ kàn án. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bàbá Mojí, ta ni ẹ ń so nǹkan yìí sí? Ṣé èmi ni?"

Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti ń wo ìṣó náà bí ẹni ń wo orogún.

Ó kù ọjọ́ mẹ́jọ kí oṣù parí, Ìkapé pẹ́ jí. Ó tẹ ẹ̀gbà náà níbi tó wà lórí ìṣó, kí ó tó fọ ojú tán, ó ti gbàgbé rẹ̀, ó sáré lọ. Ìyàwó ń gbálẹ̀ yàrá, ó gbọ́ tìì, tìì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ rò pé ọmọ́nlé ni. Ó yí ilẹ̀kùn, ó rí i. Ó dúró, ó fọwọ́ mú ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ara rẹ̀ pé obìnrin tó ti bímọ mẹ́rin kì í bẹ̀rù rọ́bà. Ó mú un sọ̀ kalẹ̀. Kò rí awọ, kò rí ẹ̀jẹ̀, kò rí ìyẹ́. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ó ní òun á kàn wọ̀ ọ́ wò kí òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí òun tó dá a padà. Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó jókòó lórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó de ẹ̀gbà mọ́ ọwọ́.

Ẹ má gbàgbé pé òun náà kò tíì sùn láti oṣù méjì. Ta ló lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń yí bí àkàrà nínú epo?

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Ìkapé wá jẹun ọ̀sán. Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ló pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó sáré gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. Ó bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀ lórí àpótí, orí yẹ̀, ẹnu là, ońdè wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin ti kàn án. Kò lè fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀, kò sì lè jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi orúkọ pè é.

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ o."

Obìnrin la ojú kan.

"Ẹ̀wà ti jóná," ló wí.

"Fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, kí ló ṣe ọ́?"

Ìyàwó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn.

"Ó mú mi sùn ni. Bàbá Mojí, èyí ni ẹ fi ń kọ́ ìṣó látọjọ́ yìí?"

Wọ́n pe Mojírádé. Ìkapé rojọ́ fún un bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó sọ ti bíbọ́, ó sọ ti ìṣó, ó sọ ti àdín pàápàá. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà nínú fóònù.

"Bàbá mi, ẹ ń wọ̀ ọ́ gbé pákó, ẹ wá ń bọ́ ọ kí ẹ tó sùn? Á jẹ́ pé ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń sùn nínú ilé yín."

Bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ońdè. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ońdè bàbá bàbá òun, nítorí ẹranko inú igbó ni, inú igbó ni ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ. Ó ní, "Ẹ̀rù tiyín kò sí nínú igbó. Orí ẹní ló ti ń dúró dè yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ."

"Ẹ̀rù kí ni?" Ìyàwó ló béèrè.

Ibẹ̀ ni Ìkapé ti sọ ọ̀rọ̀ ayùn tó já, fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò gùn. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé báwo ló ṣe súnmọ́ tó. Ọkọ rẹ̀ gbé ìka kan sókè lẹ́bàá etí. Obìnrin náà wo ìka yẹn títí, ó sì sọ pé òun ti rò pé òun ni wọ́n ń so nǹkan sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló de ẹ̀gbà náà mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lórí ẹní. Ó gba obì inú àpò rẹ̀, ó ní ohun tó ń la ojú lọ́sàn-án kò mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú. Ó gba fóònù, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Mi ò ní sọ pé ó sùn lọ́jọ́ kìíní. Kì í ṣe idán. Ó sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ohun ọwọ́ rẹ̀ kò ní bá a sáré, á máa lọ bí ó ṣe ń lọ, àyà náà á wá rí i pé òun nìkan ni òun ń sáré, á dúró. Lọ́jọ́ kẹfà, àkùkọ ló jí i.

Oṣù parí. Ìyá tó ni sọ́míìlì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ó káwọ́ gbera. Ìkapé bọ́ ẹ̀gbà náà, ó fi sápò, nítorí ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ níwájú ayùn. Ìgbà wíwọ̀ wà, ìgbà bíbọ́ sì wà. Ó la ìtì kìíní, ó la ìkejì. Pákó gún régé. Ó ti ìkẹta sẹ́nu ayùn, ó dé ìdajì, ohùn ayùn yí. Ó yí díẹ̀ ni. Ẹni tí oorun wà lójú rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ. Ìkapé fa igi sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n pa iná. Àwọn tó kù ń wo ara wọn. Ó mú àáké, ó gbẹ́ ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìṣó ló wà níbẹ̀, gígùn, dúdú, igi ti gbé e mì.

Ìyá náà gba ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò, ó sì dá a padà fún un.

"Ipò rẹ nìyẹn," ló wí, ó lọ jókòó.

Nígbà tí Ìkapé délé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi mú òòlù. Ó fa ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yọ.

Ìwọ ọmọ mi, o ti ń bi mí léèrè ẹ̀gbà náà láti àná tí mo ti dárúkọ rẹ̀, nítorí ìwọ náà kì í sùn. Lọ bá nọ́ọ̀sì, bi í. Ó lè bá ọ lára mu, ó lè má bá ọ mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbà nìkan ni mo ń wí. Mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta nílé rẹ. Ìyàwó rẹ kò fẹjọ́ rẹ sùn mí, ojú tèmi ló rí i. Mo bá ọ dé ibi iṣẹ́ rẹ, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ọ́. Wọ́n ní o kì í bínú, wọ́n ní ohùn rẹ kì í ga, wọ́n ní bí wọ́n bú ọ, o máa ń rọra dáhùn. Ọ̀gá rẹ ń jẹ nínú sùúrù náà, àwọn oníbàárà ń jẹ nínú rẹ̀. Bí o bá wá dé ẹnu ọ̀nà ilé, wàá bọ́ ọ, wàá fi kọ́ ìṣó, ẹni tó kù ni ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ ń bá pàdé. Wọn á sá wọ yàrá. Ìwọ náà á dùbúlẹ̀, ojú rẹ á máa ta, wàá ní o kò mọ ohun tó ń ṣe ọ́.

Sùúrù kò bàjẹ́ bí a bá wọ̀ ọ́ sùn. Bí o bá délé lónìí, kí o tó bọ́ bàtà, fọwọ́ wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ wò. Ohun tí o bá bá níbẹ̀, mú un wọlé.